Ta Ló Ni Iṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a lọ wá kiri. Òun ló wá wa wá. Arákùnrin wa kan ló gbé ìbéèrè kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ayétẹ̀ níhìn-ín, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọ̀hún ti ń jẹ wá lọ́kàn, a sì rí i pé kò yẹ kí ó parí sí inú ìpàdé wa nìkan.

Ọmọ àgbẹ̀ ni arákùnrin yìí. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ó jáde ìwé mẹ́wàá tí kò sì sí owó láti tẹ̀ síwájú, ó gba Èkó lọ, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n máa ń gbé sípíkà àti iná lọ sí òde àríyá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ó ti ń bá àwọn olórin fújì ṣe é. Kì í mutí, kì í jó, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìrun ṣeré. Ẹ̀yìn ìtàgé ni ibùjókòó tirẹ̀, láàárín wáyà àti jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí ó wí fún wa nìyí: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà kan fẹ́ là fún mi láti lọ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tí àwọn olówó máa ń wọ̀ láti gbafẹ́ kiri orí òkun. Èmi kọ́ ni n ó máa kọrin níbẹ̀. Èmi kọ́ ni n ó máa jó. Ẹ̀yìn ìtàgé ni n ó wà, tí n ó máa to wáyà, tí n ó máa tan iná, tí n ó máa fa okùn. Bí ohun tí wọ́n ń ṣe níwájú bá burú, ṣé mo pín nínú rẹ̀? Bí ó bá sì dára, ṣé mo ní láádá níbẹ̀?"

Ìpàdé dàrú. Ẹnìkan ní háráámù ni, kí a má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, pé káfíńtà tó kan àga tà kò mọ ẹni tí yóò jókòó lé e, Ọlọ́hun kò sì ní bi í. Bàbá tí ó jẹ́ alámòójútó ẹgbẹ́ wa wá fi òwe gbé e. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa mi orí. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Arákùnrin wa dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Máólúdì tí ẹgbẹ́ ṣe kọjá, ta ló gbé sípíkà wá tí gbogbo ìlú fi gbọ́ wáàsí?"

A dákẹ́. Òun ni. Láti Èkó ló ti gbé ẹ̀rọ náà wá lọ́fẹ̀ẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni a rà. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ náà ló sùn mọ́jú kí olè má baà gbé e. Nígbà tí àkókò ọpẹ́ tó, a pe ẹni tó dáwó, a pe àwọn ọmọ tó ka Àlùkùránì, a pe àwọn tó ṣe eré, a pe ẹni tó yá wa ní àtíbàbà, a tilẹ̀ pe ẹni tó kó àga wá. A kò pe òun. Nígbà tí ẹnìkan fi máa rántí pé ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tí kò tíì jẹun, ìrẹsì ti tán nínú ìkòkò. A kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. A gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn máa ń gbàgbé a máa sọ irú ojú tí ó fi ń wo ayé.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀bi, a mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìtàgé dáadáa, a sì ti fi òwe dè é mọ́ olè. Nígbà tí ó dé ibi ọpẹ́, a kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ọwọ́ tó wà lẹ́yìn bá tó láti pín nínú ẹ̀ṣẹ̀, kí ló dé tí kò tó láti pín nínú ìyìn? Ìbéèrè tí ó mú wa kọ àròkọ yìí nìyẹn.

Ìbàràpá jìnnà sí òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Ayétẹ̀, Tápà, Ìgàngán àti Ìdèrè ni kò tíì fojú kàn án rí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí à ń sọ, nítorí pé ìdajì àríyànjiyàn wa lọ́jọ́ náà ló jẹ́ pé ẹni tí ń dájọ́ kò mọ ohun tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù. Ìlú tó ń léfòó lórí omi ni. Ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, lè kó èrò tó 7,600, kí òṣìṣẹ́ 2,350 tún wà nínú rẹ̀. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé ìtajà wà, omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ilé tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí náà wà, a kò ní fi bò. Gbọ̀ngàn eré sì wà, tí ó tóbi ju ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú wa lọ. Nínú irú ọkọ̀ báyìí, wọ́n sáábà máa ń ṣe eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ kan, nítorí pé èrò kò lè gbà sínú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó wà lẹ́yìn eré náà pọ̀. Ẹnìkan ń mójú tó iná, ẹnìkan ń mójú tó ohùn, àwọn kan ń fa okùn àti ẹ̀rọ tí ń gbé ohun ọ̀ṣọ́ sókè sódò, àwọn kan ń ṣètò aṣọ tí àwọn òṣèré yóò pààrọ̀ nínú òkùnkùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá kan wà tí gbogbo wọn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, tí yóò máa wí fún wọn pé ó yá, tan èyí, pa tọ̀hún. Gbogbo ohun tí wọn yóò ṣe ni a ti kọ sílẹ̀ nínú ìwé kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Nǹkan mìíràn tún wà tí ó mú kí ó yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀: òkun ń mì. Ohun tí a kò bá so dáadáa lè já lu ènìyàn. Bí wọ́n bá fi okùn gbé òṣèré sókè, ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò sì mọ̀.

Ní ti ìgbé ayé wọn, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, ẹni méjì nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé. Oṣù mélòó kan ni àdéhùn iṣẹ́ wọn, wọ́n sì sáábà máa ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ títí àdéhùn náà yóò fi pé, láìsí ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀ bí ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin àgbáyé kan wà lórí òṣìṣẹ́ ojú omi, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013. Ìlànà ìsinmi tó wà nínú rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí 10 nínú wákàtí 24, tí kò sì dín ní wákàtí 77 láàárín ọjọ́ méje. Òfin yìí kan náà ló ní a kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé a wá iṣẹ́ ọkọ̀ fún un, àfi owó ìwé ìrìnnà, ìwé àyẹ̀wò ara àti ìwé òṣìṣẹ́ ojú omi tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó yé àwọn àbúrò yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá san owó ńlá kí òun tó fi yín sínú ọkọ̀, gbájú-ẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn òyìnbó ló mú iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé wá o. Kí ọkọ̀ tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ní Alárìnjó, eégún tí ń ti ìlú dé ìlú ṣeré. Ìran ń wo eégún, ṣùgbọ́n atọ́kùn ló ń darí rẹ̀, òun ló mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Lónìí, ẹni tó bá ń darí ètò lórí rédíò ni à ń pè ní atọ́kùn, ọ̀pọ̀ tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò sì rántí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. A kò fi èyí yin eégún, a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà wà lédè wa ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí àwọn òbí wa mọ̀. Olóyè Hubert Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó lọ́dún 1944, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì ń rin ìlú kiri títí dé ilẹ̀ Gánà. Àwọn Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá náà tẹ̀ lé e. Bí àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Wọn á dé ìlú lọ́sàn-án, wọn á fi ọkọ̀ àti ìlù polówó yíká, wọn á to ìtàgé sínú gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, wọn á ṣeré lóru, wọn á tú u palẹ̀, wọn á sì tún gbéra. Ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún gẹ́gẹ́ bí ọba lórí ìtàgé lè jẹ́ ẹni tí ẹ ó rí lábẹ́ ẹrù lóru náà. Àwọn ìyàwó Ògúndé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ṣe é níwájú àti lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jẹ́ ti iwájú nìkan.

Ní 1964, eré Ògúndé tí ó pè ní Yorùbá Ronú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà nínú, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Òfin yẹn kò bèèrè ẹni tó kọ orin àti ẹni tó gbé àga. Gbogbo wọn ni ebi rẹ̀ dé bá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí pátákó ìpolówó rárá náà jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Àwa Mùsùlùmí kò sì lè dá ara wa sí ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fújì tí a ń bẹnu àtẹ́ lù nínú wáàsí, inú oṣù Ramadan wa ló ti jáde. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sàárì ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní 2010, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di ohun tí a ń jó sí. Ìlù tó jí ni sí sàárì àti ìlù tó gbé ni lọ sí òde ọtí lè jẹ́ ìlù kan náà, ọwọ́ kan náà sì lè lù ú. Kí wá ni yóò sọ ọ̀kan di rere, tí yóò sọ èkejì di búburú?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí òwe Bàbá, nítorí òwe ńlá ni. Kí ló dé tí ẹni tó gba epo sílẹ̀ fi jalè ju ẹni tó wà lájà lọ? Àwa rò pé ohun tí ó sọ ọ́ di olè ni pé ó mọ̀ pé epo olóko ni, àti pé láìsí ọwọ́ tirẹ̀, ẹni tó wà lókè kò lè gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń kọjá lọ ni, tí wọ́n ní kí ó bá àwọn gba ìkòkò, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé alábàápàdé ni. Ìmọ̀ àti ìsúnmọ́ ló dá a lẹ́bi. Kì í ṣe wíwà lẹ́yìn.

Níbí ni àpẹẹrẹ káfíńtà ti já. Káfíńtà kò mọ ẹni tí yóò ra àga. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún yín pé ẹni tó ń tan iná lẹ́yìn ìtàgé ti ka ìwé eré náà kí alẹ́ tó lẹ́. Iná kò mọ ohun tí ó ń tàn sí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára iná mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìhòòhò ni wọ́n fẹ́ fi hàn lálẹ́ yẹn, òun ló ń fi í hàn, kò sì lè sọ pé òun ò sí níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, lórí ọtí, bí ègún rẹ̀ ṣe kọjá ẹni tó mu ún, tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un, ẹni tó rù ú, ẹni tó tà á àti àwọn mìíràn. Nítorí náà, bí arákùnrin wa bá bèèrè bóyá òun lè lọ gbé ìgò ọtí fún àwọn èrò ọkọ̀, a kì bá tí pe ìpàdé lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ọtí ti ilẹ̀kùn, kí ó má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọfà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kan náà ló sọ pé nítorí ọfà kan ṣoṣo, ẹni mẹ́ta lè wọ ọgbà ìdẹ̀ra: ẹni tó ṣe é tó fi gbèrò rere, ẹni tó ta á, àti ẹni tó nà án sí i. Ẹni tó nà án sí i! Ìtàn wo ni ẹ ti gbọ́ tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó na ọfà sí jagunjagun? Síbẹ̀ ó wà nínú ìṣirò. Ìlànà kan náà ni, ó ń gé níhà méjèèjì. Àwa tí a mú ìhà kan ṣoṣo lò la kò ṣe dáadáa.

Ó sì yẹ kí a fi kún un pé kì í ṣe orí ìtàgé nìkan ni ibi ti ń wá. Nígbà tí Bàbá Sàlá ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀, owó ńlá ni wọ́n ná sí i. Àwọn kan jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè ló bá ẹni tó ni iṣẹ́. A kò rí ojú àwọn tó ṣe é. Ohun tó wà lórí ìtàgé jẹ́ ẹ̀rín lásán. Ìkà gan-an wà ní yàrá tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìtàn ọkọ̀ kan fún yín, nítorí òun ló yí ọkàn àwọn kan padà nínú wa. Oceanos ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn ará Gíríìsì ni. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó kúrò ní èbúté East London ní Gúúsù Áfíríkà, ó ń lọ sí Durban, ìjì sì ń jà. Lóru, omi ya wọ ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà, iná kú. Ènìyàn 571 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá atukọ̀ kò sọ fún èrò pé ọkọ̀ ń rì. Àwọn aláré ló kọ́kọ́ fura. Moss Hills tí ń ta gìtá sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ apidán kan tí ń jẹ́ Robin Boltman, ni wọ́n ń kó èrò jọ, tí wọ́n ń kọrin kí ẹ̀rù má baà pa wọ́n, tí wọ́n ń ran àwọn tó ń wọ ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́. Hills ló gbé rédíò nínú yàrá àwọn ọ̀gá atukọ̀ tí ó ń ké sí ayé fún ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí hẹlikọ́pítà àwọn ọmọ ogun òfurufú dé, ọ̀gá ọkọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ, èrò sì ṣì wà lẹ́yìn. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ lọ ṣètò ìrànlọ́wọ́ láti orí ilẹ̀ ni. Àwọn aláré ló dúró tí wọ́n ń so okùn mọ́ èrò lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà rì ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà. Gbogbo ènìyàn 571 ló yè.

Lóòótọ́, iwájú ìtàgé ni Hills ti ń ta gìtá. Ṣùgbọ́n nínú ètò ọkọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni ti aláré. Ọ̀gá tó wọ aṣọ funfun tí èrò ń bá ya fọ́tò ló wà níwájú. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: nígbà tí omi dé, kò sí ẹni tó bèèrè ipò. Ọwọ́ tó mọ okùn ni wọ́n ń wá. Ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀mílà kì í sì í ṣe ti ọ̀gá nìkan. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́, ìbáà ṣe ẹni tó ń tan iná sí olórin, ní ojúṣe tirẹ̀ tí a yàn fún un fún ọjọ́ ìjàm̀bá.

Ẹ sì rántí ọkọ̀ Titanic ti 1912. Olórin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó yè nínú wọn. Ayé ń yìn wọ́n di òní. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní òṣìṣẹ́ òun kọ́ ni wọ́n, nítorí pé alágbàṣe kan ló gbà wọ́n. Alágbàṣe náà sì kọ̀wé sí bàbá ọ̀kan nínú wọn, pé kí ó wá san owó tó kù lórí aṣọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tó bá omi lọ. Nígbà tí a ka ibẹ̀ nínú ìpàdé wa, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní ìwà òyìnbó burú. Arákùnrin wa wo ojú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Gbogbo wa tún rántí ìrẹsì Máólúdì.

Bàbá ló wá sọ ìtàn obìnrin tó máa ń gbá mọ́sálásí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó kú, wọ́n sì sin ín láìsọ fún Òjíṣẹ́, nítorí pé wọ́n kà á sí ohun kékeré. Nígbà tí Òjíṣẹ́ kò rí i mọ́, ó bèèrè rẹ̀, ó ní ṣé kò yẹ kí wọ́n ti sọ fún òun ni, ó sì ní kí wọ́n mú òun lọ sí ibojì rẹ̀, ó kírun sí i lára níbẹ̀. Bàbá ní, "Àwa la ń kà á sí kékeré." Wọn kò fi òwe kankan tì í lẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí.

Kí wá ni a sọ fún arákùnrin wa? A kì í ṣe ẹni tí ń dá fátúwà, a kò sì dá a. A ní kí ó béèrè irú eré tí wọ́n ń ṣe nínú ọkọ̀ náà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. A ní kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó bi í pé kí ni yóò máa gbé sókè lálaalẹ́. Ọ̀rọ̀ ìrun lójú òkun, ti onírìn-àjò tí kò sọ̀kalẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, a fi sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà. A ní bí wọ́n bá fi í sí ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ̀, kí ó sọ fún wọn pé òun kò ṣe.

Ó fèsì pé, "Ẹni tuntun kì í yan iṣẹ́ nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọn á dá mi padà ní èbúté tó bá kàn."

A kò rí ìdáhùn sí ìyẹn. Àwọn kan nínú wa ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má lọ. Àwọn kan bèèrè lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn bóyá wọ́n ti wá iṣẹ́ mìíràn fún un ní Ayétẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó, àbúrò mẹ́ta ló ń fi owó sípíkà yẹn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, àwa rò pé ó yẹ kí ó ti fi ọwọ́ kan àpò ara rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Títí di bí a ti ń kọ èyí, kò tíì pinnu. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pe ẹni tó fẹ́ mú un lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí ó fún òun láyè díẹ̀ sí i.

A ṣe wáàsí ìta gbangba ní oṣù tó kọjá. Òun náà ló gbé sípíkà wá. Akọ̀wé wa dìde kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ arákùnrin kan tí ẹ kì í rí, tó máa ń wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Kí ó tó dé orí orúkọ, ohùn lọ sílẹ̀ nínú sípíkà, gbogbo ìlú kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. A bojú wẹ̀yìn. Ọmọkùnrin náà ló dijú, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ. Nígbà tí akọ̀wé jókòó, ó gbé ohùn sókè padà fún àlùfáà.

A ti bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó bu ti ẹnikẹ́ni.